Ọdún Ìbílẹ̀ Sípéènì Láti Ṣẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ: Ohun Tó Yẹ Kí Àlejò Mọ̀

Kò sí oṣù kan tí wọn kì í ṣọdún ní Sípéènì. Ìlú ńlá ń ṣe, abúlé kékeré ń ṣe, àdúgbò inú ìlú sì tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè náà gan-an fàyè sílẹ̀ fún un: nínú ọjọ́ ìsinmi mẹ́rìnlá tí òṣìṣẹ́ ní lọ́dún, méjì jẹ́ ti ìlú tó ń gbé, ọjọ́ ẹni mímọ́ tó jẹ́ alábòójútó ìlú náà ni wọ́n sì sábà máa ń fi ọ̀kan ṣe. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè dé ìlú kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí ẹ bá gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní títì, nígbà tí ìlú tó múlé gbè é ń tajà bó ṣe máa ń tà.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìbéèrè mẹ́ta ló lè la ojú náà. Èkíní: ṣé ọjọ́ ọdún náà dúró sójú kan ni, àbí ó ń yí? Èkejì: ta ló ni ọdún náà? Ẹ̀kẹta: ibo ni àlejò máa ń dúró sí? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tó kúrò nílé yóò gbádùn ọdún. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè náwó hòtẹ́ẹ̀lì tán kó tó rí i pé ẹ̀yìn èrò ni òun wà.

Ìbéèrè kejì ló wúwo jù. Ọdún ìbílẹ̀ Sípéènì kì í ṣe eré tí ìjọba gbé kalẹ̀ nítorí arìnrìn-àjò. Ẹgbẹ́ ló ni ín: ẹgbẹ́ ìjọ Àgùdà tí wọ́n ń pè ní hermandad tàbí cofradía, ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń pè ní peña. Wọ́n ń dáwó, wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń rán aṣọ ẹgbẹ́, bí àwọn régberégbe Ìjẹ̀bú ṣe ń fi gbogbo ọdún múra de Ojúde Ọba. Bí ẹ bá ti fi èyí sọ́kàn, ẹ óò mọ ibi tí wọn yóò ti fọwọ́ pè yín wọlé, ẹ óò sì mọ ibi tó jẹ́ pé ìta lẹ óò ti wòran.

Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú

Ọjọ́ àwọn ọdún kan kì í yí. Ọdún Ọba Mẹ́ta jẹ́ ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́, Fallas ń kásẹ̀ ńlẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Ẹrẹ́nà, San Fermín ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Agẹmọ. Àwọn mìíràn ń tẹ̀lé Àjíǹde, ibẹ̀ sì ni àlejò ti máa ń ṣìṣe. Carnaval máa ń wáyé kí ààwẹ̀ Léńtì tó bẹ̀rẹ̀. Feria ti Sevilla máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Àjíǹde. El Rocío bọ́ sí Péńtíkọ́sì. Ẹ kọ àwọn ọjọ́ yìí sílẹ̀:

- 2027: ọjọ́ Ìṣẹ́gun Carnaval, 9 Èrèlé, Àjíǹde, 28 Ẹrẹ́nà, Péńtíkọ́sì, 16 Èbìbí.
- 2028: ọjọ́ Ìṣẹ́gun Carnaval, 29 Èrèlé, Àjíǹde, 16 Igbe, Péńtíkọ́sì, 4 Òkúdù.

Ẹni tó ń lo páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà, ti Benin tàbí ti Tógò nílò físà Schengen. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, ó pẹ́ jù ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú. Owó rẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ 90 yúrò, ìwé adójútòfò ìlera tí ẹ óò fi kún un sì gbọ́dọ̀ lè gbé ìnáwó tó 30,000 yúrò. Àwọn ará wa tó ní páásípọ́ọ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò físà fún ìbẹ̀wò ráńpẹ́.

Owó hòtẹ́ẹ̀lì máa ń fò sókè lásìkò ọdún, pàápàá ní Pamplona, Sevilla àti Valencia. Ẹ gba yàrá ní oṣù mélòó kan ṣáájú, tàbí kí ẹ sùn sí ìlú tó wà nítòsí kí ẹ máa fi ọkọ̀ ojú irin tàbí bọ́ọ̀sì wọlé. Ẹni tó fẹ́ wo San Fermín lè sùn sí Logroño tàbí Vitoria. Ẹni tó ń lọ Buñol lè sùn sí Valencia, nítorí Buñol kò ju nǹkan bí 40 kìlómítà lọ síbẹ̀.

Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlé: ẹ̀bùn, ìlù àti ẹ̀fẹ̀

Àwọn Ọba Mẹ́ta tó tẹ̀lé ìràwọ̀ lọ kí Jésù ni ọmọdé Sípéènì ń retí ẹ̀bùn lọ́wọ́ wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Ṣẹ́rẹ́, wọ́n ń wọ ìlú pẹ̀lú ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní cabalgata, wọ́n á máa da súìtì sílẹ̀ fún àwọn èrò. Àwọn onílé mọ ọgbọ́n kan: wọ́n máa ń ṣí agbòòrùn, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á sì fi gbe súìtì náà. Ti Alcoy, ní ẹkùn Alicante, wà lára èyí tó pẹ́ jù lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń jẹ roscón, búrẹ́dì dídùn tó rí roboto. Wọ́n ti fi ère kékeré kan àti ẹyọ ẹ̀wà gbígbẹ kan sínú rẹ̀. Ẹni tí ère bọ́ sí lọ́wọ́ á dé adé oníbébà. Ẹni tí ẹ̀wà bọ́ sí lọ́wọ́ ni yóò san owó roscón náà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọba náà, Baltasar, jẹ́ ènìyàn dúdú. Ó ti pẹ́ tí ó jẹ́ pé òyìnbó tó kun ojú dúdú ló ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ìlú, àríyànjiyàn sì ti bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ní Madrid, ènìyàn dúdú gan-an ló ń ṣe Baltasar láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ní Alcoy, àwọn ìránṣẹ́ ọba tó ń fi àkàbà gun ojú fèrèsé lọ fún ọmọdé lẹ́bùn ṣì ń kun ojú. Ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó lọ, kó má bàa bá yín lójijì.

Ọjọ́ yìí kan náà kàn wá ní ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí Sípéènì ń ṣàkóso Cuba, ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gba àwọn ọmọ Áfíríkà láyè láti gbé ìlù jáde sí ìgboro Havana, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orin àti aṣọ tirẹ̀. Àwọn Lukumí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá, wà láàárín wọn. Ìjọba fòpin sí i ní àwọn ọdún 1880, ṣùgbọ́n ìlù náà kò kú.

Ní San Sebastián, ní etí òkun àríwá, wọ́n ń fa àsíá sókè ní Plaza de la Constitución ní òru ọjọ́ 19 mọ́jú ọjọ́ 20 oṣù Ṣẹ́rẹ́. Láti ìgbà náà, ìlù kò ní dákẹ́ fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Àwọn tó ń lu ìlù wọṣọ alásè àti ti ọmọ ogun àtijọ́. Bí ẹ bá kó ọmọ lọ́wọ́, ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ àwọn ọmọdé ní ọ̀sán ọjọ́ 20 ni kí ẹ wò.

Carnaval ni ti Èrèlé. Ìlú méjì ni kí ẹ yàn nínú. Santa Cruz de Tenerife, ní erékùṣù Canarias, jẹ́ ti aṣọ àti ijó: aṣọ tí wọ́n fi ń díje fún adé ọbabìnrin lè wúwo ju 100 kìlógíráàmù lọ, orí táyà sì ni wọ́n ń gbé e lé kí ó lè rìn. Cádiz jẹ́ ti ẹnu. Ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n ń pè ní chirigota ń fi orin bú olóṣèlú, wọ́n ń fi ọlọ́rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì ń díje ní gbọ̀ngàn Gran Teatro Falla fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìjọba apàṣẹwàá Franco mọ ohun tí orin bẹ́ẹ̀ lè ṣe, ìdí nìyí tó fi fòfin de Carnaval láti 1937. Ẹni tí kò gbọ́ èdè Sípéènì kò ní gbádùn Cádiz tó bó ṣe yẹ; kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí Tenerife.

Ẹrẹ́nà: iná Valencia

Láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 19 oṣù Ẹrẹ́nà, lójoojúmọ́ ní aago méjì ọ̀sán, wọ́n ń yin mascletà ní Plaza del Ayuntamiento, iwájú ilé ìjọba ìlú Valencia. Báńgà ni, kì í ṣe iná aláràbarà tí à ń gbójú sókè wò lálẹ́. Etí àti àyà la fi ń gbọ́ ọ. Wọ́n á fi okùn so báńgà rẹpẹtẹ kọ́ sáàárín gbàgede, wọ́n á fi irin sé e mọ́. Ìró àkọ́kọ́ á rọra dún ní ìgun kan, òmíràn á dá a lóhùn ní ìgun kejì, wọ́n á máa lé ara wọn kiri gbàgede, á máa yára sí i, á máa le sí i, títí tí wọn yóò fi dé ìparí tí wọ́n ń pè ní terremoto. Nígbà náà ilẹ̀ á máa mì lábẹ́ bàtà, èéfín á bo ojú ọ̀run. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Lẹ́yìn náà gbogbo èrò á pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó to báńgà náà, nítorí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ti ń fi ti òní wé ti àná.

Ẹ dé ibẹ̀ kí aago kan tó lù. Ẹ la ẹnu díẹ̀ nígbà tó bá ń dún, èyí ni àwọn ará ìlú fi ń dáàbò bo etí. Ẹ má gbé ọmọ ọwọ́ lọ.

Falla gan-an ni ère gàgàrà tí ẹgbẹ́ àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń gbé sí ìkóríta rẹ̀. Ẹgbẹ́ wọ̀nyí lé ní 350 ní Valencia. Igi, páálí àti fóòmù ni wọ́n fi ń ṣe ère náà. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀, ninot, ń fi olóṣèlú, gbajúmọ̀ àti ìṣòro ọdún náà ṣẹ̀fẹ̀. Ní ọjọ́ 15 ni wọ́n ń to wọ́n nàró. Ní ọjọ́ 17 àti 18, obìnrin àti ọmọbìnrin ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nínú aṣọ ṣẹ́dà àtijọ́, ń gbé òdòdó lọ fún Màríà, Virgen de los Desamparados. Àwọn ọkùnrin tó gun orí àkàbà onígi ń gba òdòdó náà, wọ́n ń fi hun aṣọ ìlékè ère Màríà títí yóò fi ga ju ilé lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ 19, wọ́n á sun gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko, tí owó rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ ńlá jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún yúrò, á di eérú láàárín ìdajì wákàtí. Ère ti ọmọdé ni wọ́n ń kọ́kọ́ sun, lẹ́yìn náà ti àgbà, ti ilé ìjọba ìlú ni ìkẹyìn. Ẹ má lọ dúró sí ti ilé ìjọba nìkan, níbi tí èrò ti ń fún ara wọn pa. Ẹ yan ti àdúgbò kékeré kan. Níbẹ̀ lẹ óò ti rí ọmọbìnrin tó jẹ́ olorì ẹgbẹ́ lọ́dún náà, tó ń fi iná sí okùn báńgà pẹ̀lú omijé lójú. Àwọn panápaná á ti dúró, wọ́n á máa fọ́n omi sára ògiri ilé tó wà nítòsí kí ó má bàa gbiná. Nígbà tí iná bá ràn tán, ooru á lé gbogbo yín sẹ́yìn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ.

Ninot kan ṣoṣo ni ará ìlú ń dìbò yọ nínú iná lọ́dún láàárín ti àgbà, àti ọ̀kan láàárín ti ọmọdé. Ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Museo Fallero ni wọ́n ń kó wọn sí, ẹ sì lè lọ wò wọ́n nígbàkígbà. UNESCO fi Fallas sínú àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé ní 2016. Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ buñuelos, elégédé tí wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n sì dín, pẹ̀lú ṣokoléètì gbígbóná.

Ọ̀sẹ̀ Mímọ́: Sevilla àti àwọn yòókù

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ aṣọ. Àwọn tó ń tò kọjá ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ wọ ẹ̀wù gígùn àti fìlà ṣóńṣó tó bo ojú, ihò méjì péré ló wà fún ojú wọn. Ẹ má jáyà. Àṣà ìrònúpìwàdà ni, ó sì ti wà ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹgbẹ́ apanilẹ́rù Ku Klux Klan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n bo ojú kí ẹnikẹ́ni má mọ ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Nazareno ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọ̀ aṣọ wọn sì ń tọ́ka sí ẹgbẹ́ wọn. Àwọn ọmọdé Sevilla kò bẹ̀rù wọn rárá. Ńṣe ni wọ́n ń sáré lọ bá wọn, kí wọ́n kán ìda àbẹ́là tó ń yọ́ sórí bọ́ọ̀lù ìda kékeré tó wà lọ́wọ́ wọn; ọdọọdún ni bọ́ọ̀lù náà ń tóbi sí i.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbé paso, pẹpẹ onígi tí ère Jésù tàbí ti Màríà dúró lé lórí, láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ sí kàtídírà, á sì tún gbé e padà. Ó lè gba wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Sevilla, ẹ kò ní rí àwọn tó ń gbé e, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà, lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Bàtà wọn nìkan ló ń hàn. Costalero ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n sì fi aṣọ dí òṣùká sí ẹ̀yìn ọrùn níbi tí igi paso ti ń jókòó. Olórí wọn dúró síta níwájú, ó di irin ìkànlẹ̀kùn tó wà lára paso mú. Á kàn án, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á fi ọrùn sí i. Á bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó lè fi ìgbésókè náà júbà fún òkú ọ̀rẹ́ wọn kan. Á tún kàn án. Lójú ẹsẹ̀ náà, paso tó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ á fò sókè, á balẹ̀ sí ọrùn wọn, fàdákà ara rẹ̀ á máa dún ṣaworo. Bí ẹnì kan bá wá kọ saeta, orin ẹ̀dùn tí kò ní ìlù, láti ojú fèrèsé, paso á dúró, ìgboro á dákẹ́ rọ́rọ́ títí tí yóò fi kọrin tán.

Òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Jímọ̀ Rere, tí wọ́n ń pè ní La Madrugá, ni gbogbo ìlú kì í sùn. La Macarena, Esperanza de Triana, Gran Poder àti El Silencio ń jáde lóru náà. Ẹ má sọ̀rọ̀ nígbà tí El Silencio bá ń kọjá.

Ẹgbẹ́ kan wà tí ọmọ Áfíríkà kankan kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Ìnagijẹ rẹ̀ ni Los Negritos. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Gonzalo de Mena ló dá a sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú Sevilla ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, ṣáájú kí Columbus tó wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira ló kó o jọ, wọ́n sì dìídì jà kí ẹlòmíràn má bàa gba ipò wọn nínú ìtò lọ́wọ́ wọn. Lónìí, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú ọmọ ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń jáde ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ láti ilé ìsìn rẹ̀ ní Calle Recaredo. Ẹ lọ dúró síbẹ̀.

Ọ̀nà tí gbogbo ẹgbẹ́ ń gbà lọ sí kàtídírà kún fún àga olówó, àwọn ará ìlú ló sì ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe ìyọnu. Ẹ gba ìwé ètò tó ń sọ wákàtí àti òpópónà, kí ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní òpópónà tóóró níbi tí paso ti ń yí kọ̀rọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má là á kọjá láàárín ìtò. Bí òjò bá ṣú, ẹgbẹ́ lè má jáde rárá, nítorí ère ọgọ́rùn-ún ọdún kò gbọdọ̀ tutù. Ẹ óò rí àgbà ọkùnrin tó ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ẹ bá fẹ́ ìlù dípò àbẹ́là, ẹ lọ sí Calanda, ní Aragón, ìlú tí wọ́n ti bí Luis Buñuel olùdarí fíìmù. Ní aago méjìlá ọ̀sán Jímọ̀ Rere, gbogbo ìlú á lu ìlù lẹ́ẹ̀kan náà.

Igbe àti Èbìbí: ijó, òdòdó àti ìrìnàjò ẹlẹ́ṣin

Ọjà màlúù ni Feria ti Sevilla nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1847. Lónìí, ẹṣin, ijó sevillanas, àti aṣọ aláwọ̀ tótòtó tí etí rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ló kù. Àgọ́ ibẹ̀, caseta, lé ní 1,000, ṣùgbọ́n ẹbí, ẹgbẹ́ tàbí iléeṣẹ́ ló ni púpọ̀ nínú wọn, ẹnu ọ̀nà sì ní ẹ̀ṣọ́. Ẹ béèrè caseta de distrito, ti àwọn àdúgbò, èyí tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bí ọmọ ìlú kan bá pè yín wọ tirẹ̀, ẹ múra dáadáa, kí ẹ sì ra ọtí fún àwọn tó gbà yín lálejò.

Ọjọ́ 23 oṣù Igbe ni Sant Jordi ní Barcelona: ìwé àti òdòdó róòsì ni wọ́n ń tà ní gbogbo òpópónà, ọ̀fẹ́ ni ìran rẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ 22 sí 24 oṣù náà, Alcoy máa ń ṣe eré ogun àwọn Mùsùlùmí àti Kristẹni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Èbìbí, Córdoba ń ṣí àgbàlá ilé rẹ̀ fún ará ìta kí wọ́n wo òdòdó. Onílé gan-an ló wà níbẹ̀, ẹ kí i kí ẹ tó ya fọ́tò.

El Rocío ni ti àwọn ẹlẹ́ṣin. Ẹgbẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ń gun ẹṣin, wọ́n ń wọ kẹ̀kẹ́ màlúù, wọ́n ń rìn nínú iyanrìn Huelva lọ bá ère Màríà ní abúlé El Rocío. Ní òru Péńtíkọ́sì mọ́jú ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ Almonte á fo irin pẹpẹ kọjá láti gbé e jáde. Ẹ má sún mọ́ ọn lákòókò yẹn. Ti àwọn ọmọ Almonte ni.

Òkúdù sí Ògún: iná, akọ màlúù, tòmátì

Alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Òkúdù, aṣálẹ́ San Juan, ni wọ́n ń dá iná sí etí òkun káàkiri. Ní A Coruña, wọ́n ń yan ẹja sardine, wọ́n sì ń fo iná náà. Alicante ń gbé ère tirẹ̀ kalẹ̀ láti ọjọ́ 20, ó ń sun wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ 24.

San Fermín, ní Pamplona, ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ 6 oṣù Agẹmọ. Aṣọ funfun ni gbogbo ènìyàn ń wọ̀, pẹ̀lú gèlè ọrùn pupa. Ìwé òǹkọ̀wé Hemingway ti 1926 ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká láàárín àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ 7 sí 14, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, wọ́n ń tú akọ màlúù mẹ́fà sílẹ̀ ní òpópónà, pẹ̀lú àwọn màlúù mìíràn tó ń ṣamọ̀nà wọn, láti sáré nǹkan bíi mítà 850 dé pápá. Kò sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ènìyàn mẹ́rìndínlógún ló ti kú níbẹ̀ láti 1910, ẹni ìkẹyìn ní 2009. Ìmọ̀ràn ìwé yìí ni pé kí ẹ má sáré. Ẹ gba ibi ìdúró lára ọgbà igi ìta ní nǹkan bí aago mẹ́fà, tàbí kí ẹ sanwó fún ojú fèrèsé. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ sáré gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18, kò gbọdọ̀ mutí, kò gbọdọ̀ mú fóònù dání láti ya fídíò, bó bá sì ṣubú, kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ títí wọn yóò fi kọjá. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn màlúù òwúrọ̀ yìí ni wọn yóò pa ní pápá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Sípéènì fúnra wọn ló ń takò ó.

Ọdún 2027 jẹ́ ọdún mímọ́ ní Santiago de Compostela, nítorí ọjọ́ 25 oṣù Agẹmọ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Èrò yóò pọ̀. Ẹ tètè gba yàrá.

La Tomatina, ní Buñol, jẹ́ Ọjọ́rú tó kẹ́yìn nínú oṣù Ògún. Ìjà àwọn ọ̀dọ́ ní 1945 ni wọ́n ní ó bí i. Láti 2013, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń wọlé. Wákàtí kan péré ni jíju tòmátì fi ń wáyé. Ẹ tẹ tòmátì fọ́ kí ẹ tó jù ú, ẹ má fa aṣọ ẹnikẹ́ni ya, ẹ sì dáwọ́ dúró bí ẹ bá gbọ́ báńgà kejì. Ẹ wọ aṣọ tí ẹ lè sọnù, bàtà tó dé, àti gíláàsì ojú.

Ọwẹ́wẹ̀ sí Ọ̀pẹ: ilé ènìyàn, òdòdó àti èso àjàrà

Ọjọ́ 24 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ni La Mercè ní Barcelona. Níbẹ̀ lẹ óò ti rí castells: ènìyàn tó gun èjìká ara wọn títí dé ìpele mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Ọmọ kékeré tó dé àṣíborí ló ń gun dé òkè pátápátá, á na ọwọ́ sókè, á sì tún sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí gbogbo wọn bá sọ̀ kalẹ̀ láìwó ni ó tó parí. Tarragona ń ṣe ìdíje wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì ní Ọ̀wàrà.

Zaragoza ń hun aṣọ òdòdó fún Màríà ní ọjọ́ 12 oṣù Ọ̀wàrà. Ọjọ́ 1 oṣù Bélú ni wọ́n ń lọ sójú oórì. Ọjọ́ ẹbí ni, ẹ má sọ ọ́ di ìran.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 22 oṣù Ọ̀pẹ, àwọn ọmọ iléèwé San Ildefonso ń fi orin ka nọ́ńbà lọ́tìrì Kérésìmesì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1812. Ìdá kan nínú mẹ́wàá tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ 20 yúrò. Ní òru ọjọ́ 31, wọ́n ń jẹ èso àjàrà méjìlá ní Puerta del Sol, Madrid, ọ̀kan fún ìró aago kọ̀ọ̀kan. Aago náà máa ń kọ́kọ́ dún ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, méjì-méjì. Ẹ má tíì jẹ nígbà náà.

Ìwà àlejò

Ẹ jẹun ọ̀sán ní aago méjì, ẹ jẹun alẹ́ ní aago mẹ́sàn-án. Kí ó tó tó àkókò náà, ilé ìdáná lè máà tíì ṣí. Ẹ fi páásípọ́ọ̀tì sí hòtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ àti ti físà dání, nítorí ọlọ́pàá lè béèrè. Fóònù àti owó kò gbọdọ̀ wà ní àpò ẹ̀yìn láàárín èrò. Nọ́ńbà pàjáwìrì jẹ́ 112. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí ìtò yóò jáde, gbólóhùn kan péré tó: «¿A qué hora sale?» Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àgbà ọmọ ìlú tó bá gbọ́ ọ á sì fẹ́ ṣàlàyé kọjá ohun tí ẹ béèrè.

Bí owó ìrìnàjò kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, 2027 ni kí ẹ lò ó. Ọdún náà, Fallas yóò parí ní ọjọ́ Jímọ̀, 19 Ẹrẹ́nà, Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, 21 Ẹrẹ́nà. Ẹ dé Valencia ní ọjọ́ 15, ẹ wo iná, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sevilla ní ọjọ́ 20, kí ẹ sì dúró de Los Negritos ní Calle Recaredo ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 25. Ìgboro ni ọdún méjèèjì ti ń wáyé, wọn kò sì ní gba owó ìwọlé lọ́wọ́ yín ní ọ̀kankan. Owó yàrá ni kí ẹ tètè wá.